Pámíìtì lẹ́nà: ìwé tó nílò èèyàn méjì

Mo ní kafé kékeré kan ní Lágere, nílùú Ifẹ̀ níbí, fọ́tòkọ́pì, JAMB, fọ́ọ̀mù oríṣiríṣi, gbogbo ẹ̀ la ń ṣe. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù báyìí, ọ̀rọ̀ ìwé ìwakọ̀ ni, àgàgà ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ mọ́tò. Mo ti tún un sọ títí tí ohùn fi fẹ́ há mi lọ́fun, ni mo bá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ni tó bá tún dé kà á fúnra ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, kí ni learner's permit yìí gan-an? Ṣé lásẹ́ǹsì kékeré ni?

Rárá o, ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Lásẹ́ǹsì ń sọ pé o ti mọ mọ́tò wà. Pámíìtì ní tiẹ̀ ń sọ pé o ò tíì mọ̀ ọ́n, àmọ́ ìjọba mọ̀ pé o ń kọ́ ọ, wọ́n sì gbà ẹ́ láyè kó o bọ́ sí títì tí ẹni tó ní lásẹ́ǹsì bá jókòó tì ẹ́. Tì ẹ́ ni mo wí, níwájú níbẹ̀, kì í ṣe pé kó nà sẹ́yìn kó máa tẹ fóònù. Tẹ́ni yẹn bá sọ̀ kalẹ̀ ní Sábó pé òun fẹ́ ra àkàrà tó o wá ní jẹ́ n yí mọ́tò yìí padà kó tó dé, pámíìtì ẹ ti di bébà lásán nìyẹn títí á fi padà wọlé.

L tún wà ńbẹ̀ o. L pupa lórí nǹkan funfun, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ojú máa ń ti àwọn kan láti lẹ̀ ẹ́, wọ́n ní àwọn ọlọ́kadà á máa fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Lọ́jọ́ tí mọ́tò bá kú mọ́ ẹ lọ́wọ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè Ìtasẹ̀, tó ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, tẹ́ni tó wà lẹ́yìn ẹ sì ń fọn fèrè bí ẹni pé ilé ẹ̀ ló ń jó, L yẹn ló máa bá ẹ bẹ̀ ẹ́ o.

Ta ló ń bójú tó o? Road Safety ni, VIO ni, àbí ọlọ́pàá?

Ọlọ́pàá lè dá ẹ dúró kó ní kó o mú ìwé wá, àmọ́ kì í ṣe òun ló ń fúnni níwèé. VIO, àwọn aláṣọ funfun àti sòkòtò dúdú yẹn, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni wọ́n, àwọn ló ń yẹ mọ́tò wò, àwọn náà ló sì ń dán èèyàn wò bóyá ó mọ̀ ọ́n wà. Road Safety, ìyẹn FRSC, ti ìjọba àpapọ̀ nìyẹn, àwọn ló ń ya fọ́tò, tí wọ́n ń gba ìka ọwọ́, tí wọ́n sì ń tẹ lásẹ́ǹsì jáde. Ẹ̀ka tó ń gbowó orí fún ìpínlẹ̀ ló ṣìkẹta VIO àti Road Safety. Lọ́jọ́ tó bá wá kan lásẹ́ǹsì, wàá rí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ibùdó kan náà, ìyẹn ló ń jẹ́ kó dà bíi pé ọ̀gá kan náà ni gbogbo wọn ní.

Ibi tí ìwọ máa ti bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ọ́fíìsì ẹnì kankan nínú wọn. Driving school ni, èyí tí Road Safety fọwọ́ sí, torí kì í ṣe gbogbo mọ́tò tí wọ́n kọ L sí lórí ló ní ìwé àṣẹ. Ní kí wọ́n fi tiwọn hàn ẹ́ kó o tó sanwó, kò sí ìbínú ńbẹ̀. Tó o bá ti forúkọ sílẹ̀, àwọn á tọ́ ẹ sọ́nà lórí pámíìtì. Iye owó máa ń yí padà, torí ẹ̀ ni mi ò ṣe kọ iye kankan síbí. Ohun tí mo lè sọ ni pé owó ìjọba máa ń ní rìsíìtì.

Ẹ jẹ́ n yà bàrá díẹ̀. Ifẹ̀ yìí gan-an lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ Road Safety. Wole Soyinka ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà tí títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ń pa akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́, ló bá fara ẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ náà, lọ́dún 1977 Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ (tí àwa náà wà nínú ẹ̀ nígbà yẹn) dá Road Safety tiẹ̀ sílẹ̀, kó tó wá di 1988 tí ìjọba àpapọ̀ dá FRSC sílẹ̀ tí wọ́n sì fi Soyinka ṣe alága àkọ́kọ́. Torí náà tí wọ́n bá dá ẹ dúró lójú ọ̀nà Ìbàdàn, má wulẹ̀ bínú púpọ̀, ilé wa ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ mi mọ mọ́tò wà dáadáa, ṣé kò lè kọ́ mi kí n má náwó sí driving school?

Àǹtí, ó lè kọ́ yín, tẹ́ ẹ bá ti gbà pé ẹ̀yin méjèèjì á ṣì jọ jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo rí tọkọtaya kan tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù mi láti pápá iléèwé, ìyàwó ní òun ò tún bá a jókòó nínú mọ́tò mọ́ láéláé, ọkọ ní ṣebí kílọ́ọ̀ṣì lòun ní kó tẹ̀, bíréèkì ló tẹ̀, ìyàwó ní ariwo tó pa lòun gbọ́, òun ò gbọ́ kílọ́ọ̀ṣì. Àmọ́ ẹ̀rín kọ́ lọ̀rọ̀ náà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba lásẹ́ǹsì tuntun, wọ́n á béèrè ìwé ẹ̀rí driving school lọ́wọ́ yín, ọkọ yín ò sì lè kọ ìyẹn. Èkejì, mọ́tò driving school tó dáa máa ń ní bíréèkì kan lẹ́sẹ̀ ẹni tó ń kọ́ni, mọ́tò ọkọ yín ò ní, ẹnu nìkan ló ní.

Èmi ò wa mọ́tò o, ọ̀kadà ni mo fẹ́ gùn. Ta ló máa wá jókòó tì mí?

Ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi, ọmọkùnrin kan láti Mọdákẹ́kẹ́ ló bi mí, mo sì rẹ́rìn-ín títí kí n tó rí i pé òótọ́ ló sọ. Kò síbi tí wọ́n á jókòó sí! Ẹni tó bá wà lẹ́yìn ẹ kò kan bíréèkì, kò kan ọwọ́ ọ̀kadà, tó o bá ṣubú ẹ jọ ṣubú ni, ó tún wá ń fi ìwúwo ẹ̀ dà ẹ́ láàmú nígbà tí ìwọ gan-an ò tíì lè dúró. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé kẹ́ni tó ń kọ́ ọ̀kadà má bọ́ sí títì rárá títí ara ẹ̀ á fi mọ̀ ọ́n. Pápá ni, pẹ̀lú ẹni tó mọ̀ ọ́n tó dúró tì ẹ́ lórí ilẹ̀. Bẹ̀rẹ̀, dúró, yí kọ́nà, wẹ̀yìn láìjẹ́ pé ọwọ́ ẹ tẹ̀ lé ojú ẹ, ṣe é títí tó fi máa sú ẹ.

Ohun tá à ń ṣe ńbí ni pé wọ́n á yá ọ̀kadà ẹ̀gbọ́n wọn lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á kọ́ ọ dalẹ́, tó bá fi máa di Túsìdé wọ́n ti gbé ìyá oníyàá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn ẹ̀ lọ sí Mayfair. Ẹ̀rù ń bà mí tí mo bá rí i.

Lẹ́tà tún wà lórí lásẹ́ǹsì. A ni ti ọ̀kadà, B ni ti mọ́tò kékeré tí kì í ṣe ti èrò. B ò kan ọ̀kadà rárá, torí náà ọ̀gá tó ní lásẹ́ǹsì mọ́tò láti ọjọ́ pípẹ́ ò lè gbé ọ̀kadà ọmọ ẹ̀ kó ní òun ní lásẹ́ǹsì. Fáìnì ẹni tó ń wakọ̀ láìní lásẹ́ǹsì nínú ìwé Road Safety jẹ́ ₦10,000, ti ẹni tó gun ọ̀kadà láìdé akoto jẹ́ ₦2,000. Kì í ṣe fáìnì ló yẹ kó mú èèyàn dé akoto, orí la ń wí, àmọ́ mo mọ̀ pé owó ló tètè ń yé wa.

Ẹnì kan ní òun á bá mi ṣe é, pé mi ò ní í dé ibì kankan, ìwé á bá mi nílé.

Àbúrò mi gbà bẹ́ẹ̀. Ó sanwó, ìwé dé lóòótọ́, ó ń dán gbinrin. Ọjọ́ tí wọ́n dá a dúró tí wọ́n tẹ nọ́ńbà ẹ̀ wò, orúkọ ẹlòmíì ló jáde. Ọkùnrin tó gbowó lọ́wọ́ ẹ̀ ò gbé fóònù mọ́ láti ọjọ́ náà. Ìwé tí wọn ò ya fọ́tò ẹ fún, tí wọn ò gba ìka ọwọ́ ẹ fún, báwo ló ṣe fẹ́ jẹ́ lásẹ́ǹsì?

Wọ́n fún mi ní bébà kan tí wọ́n pè ní temporary. Ṣé òun náà ni pámíìtì?

Kì í ṣe òun. Temporary ni wọ́n ń fún ẹni tó ti yege, tó ti ya fọ́tò, tó ń retí káàdì, ìgbà díẹ̀ ló sì wà fún. Káàdì yẹn fúnra ẹ̀ lè jẹ́ ti ọdún 3 tàbí 5, bó o bá ṣe sanwó sí. Ìwé ẹ̀rí driving school náà kì í ṣe pámíìtì o. Ìwé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Kí ni mo ní láti mú dání?

NIN ni àkọ́kọ́, kí orúkọ ibẹ̀ sì bá ti ìwé ẹ̀rí ẹ mu. Tó bá jẹ́ Fọlákẹ́mi ló wà ní NIN, má lọ kọ Kẹ́mi síbì kankan, mo ti rí ẹkún lórí èyí. Fọ́ọ̀mù lásẹ́ǹsì á béèrè irú ẹ̀jẹ̀ ẹ, gíga ẹ, nọ́ńbà ẹni tí wọ́n lè pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, bóyá o ń lo awò ojú, kódà bóyá o kọlà. Bàbá kan tó ní àbàjà ní kí n kọ "rárá" sí ti ilà, pé ọmọ òun ní kò bóde mu mọ́. Mo ní bàbá, fọ́tò yín ò ní í gbà. Ní ti ẹ̀jẹ̀, ẹ má méfò o, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọsibítù, torí lọ́jọ́ ìjàǹbá ẹlòmíì lè kà á.

Ọmọ mi ti pé 16, ó sì ga jù mí lọ.

Ẹ jẹ́ kó máa ga. Wọn kì í fún ọmọ tí kò tíì pé 18 ní lásẹ́ǹsì.

Ìgbẹ̀yìn: tí mo bá ti gba pámíìtì, tí ẹ̀gbọ́n mi sì jókòó tì mí, ṣé mo lè wà á dé Ìbàdàn?

Títì yẹn kì í ṣe ibi ìkọ́ṣẹ́, èmi ò ní í gbà kí àbúrò mi ṣe é, trélà ò mọ L. Kọ́kọ́ wà á yí ká Ẹdé Road láàárọ̀ Sọ́ńdè. Kó o sì tó tẹ sítátà, gba lásẹ́ǹsì ẹ̀gbọ́n ẹ yẹn kó o wo ọjọ́ tó wà lára ẹ̀ dáadáa, torí mo ti ṣe fọ́tòkọ́pì fún bàbá kan tó ń kọ́ ọmọ ẹ̀ ní mọ́tò, lásẹ́ǹsì tiẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́rin, ọmọ tó ń kọ́ ló ní ìwé tó pé jù nínú mọ́tò yẹn.