Ìbàdàn ló kọ́kọ́ mọ ewu kí ìjọba fi èèyàn mẹ́ta-mẹ́rin pọ̀ ju alátakò lọ

Tí wọ́n bá ń sọ bí ìjọba ṣe ń wó nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin nítorí pé èèyàn díẹ̀ ló fi ju alátakò lọ, ọdún 1951 ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ ní òyìnbó ló kó o wá láti Lọ́ńdọ̀nù. Òótọ́ ni, àga àti ọ̀pá àṣẹ jẹ́ tòyìnbó. Ìwà tó wà nídìí rẹ̀, ti Ìbàdàn ni.

Ẹ wo ìlú tó bẹ̀rẹ̀ bíi ibùdó ogun ní nǹkan bíi 1829, tí kò ní ìdílé ọba kan tí ń jogún adé. Ẹni tó bá wọ̀lú á wá bàbá ogun kan, á forí balẹ̀ fún un, á sì máa tẹ̀lé e lọ sójú ogun. Iye ọmọ ẹ̀yìn ológun ni agbára rẹ̀. Ògúnmọ́lá kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn, Fèsù ló ti wá, síbẹ̀ ó di Baṣọ̀run ní 1865. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ. Tí bàbá ogun ò bá pín ìkógun dáadáa, agboolé ológun mìíràn ò jìnnà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ìjòyè tó fi ọmọ ogun díẹ̀ ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ kì í sun oorun àsùnwọra.

Nígbà tí 1951 wá dé, ẹgbẹ́ òṣèlú Ibadan People's Party gba gbogbo ìjókòó 6 tó jẹ́ ti Ìbàdàn nínú 80 nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹgbẹ́ ńlá méjì tó ń bára wọn jà, Action Group àti NCNC, kálukú ń pariwo pé òun ló pọ̀ jù, ni wọ́n bá ń wá ojú rere àwọn ọmọ Ìbàdàn. Akínlóyè, olórí Ibadan People's Party, bá Action Group lọ, ó sì di mínísítà. Adélabú, ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ń pe ohun tí Akínlóyè ṣe ní ìwà ọ̀dàlẹ̀ títí dòní. Èmi ò rí ohun tó fi yàtọ̀ sí ọmọ ogun tó pààrọ̀ bàbá.

Ní May 1962, ọmọ ilé ìgbìmọ̀ 66 nínú 124 fọwọ́ sí ìwé pé àwọn ò fẹ́ Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, mọ́. Ẹni mẹ́rin péré ló fi lé ní ìdajì! Ọọ̀ni Adérẹ̀mí, tó jẹ́ gómìnà, yọ Akíntọ́lá, ó sì fi Adégbénró rọ́pò rẹ̀. Lọ́jọ́ 25, kí wọ́n tó dìbò, ọmọ ilé kan fò sórí tábìlì, ó ń ké pé iná ń jó lórí òkè. Àga ń fò, wọ́n ṣẹ́ ọ̀pá àṣẹ, ọlọ́pàá yin tajútajú. Ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì, wọ́n sì fa Májẹ̀kódùnmí kalẹ̀ bí alábòójútó.

Ti 2006 kò pẹ́ tán: aṣòfin 18 nínú 32 yọ Gómìnà Ládọjà ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìyẹn tó láti ṣòfin, kò tó ìdá méjì nínú mẹ́ta tí wọ́n nílò láti yọ gómìnà. Ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ dá a padà kí ọdún tó parí. Òun náà ló jẹ Olúbàdàn ní 2025.