"Ó Hàn Sí I": Lẹ́tà Tó Yọ Akíntọ́lá Nípò

Bí ọ̀rọ̀ òṣèlú bá ti délẹ̀, ìbéèrè kan náà ni àwọn oníbàárà mi máa ń bi mí: "Lọ́yà, ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí?" Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n nínú òfin ìjọba, ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ síbì kankan lè lágbára ju èyí tí wọ́n kọ lọ. Ẹ jẹ́ ká padà sí Ìbàdàn, oṣù Karùn-ún 1962.

Olóyè S.L. Akíntọ́lá ni Pírẹ́míà, ìyẹn olórí ìjọba, agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn. Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí ni gómìnà. Ìjà ti wà láàárín Akíntọ́lá àti Awólọ́wọ̀ nínú ẹgbẹ́ Action Group. Aṣòfin 66, tí wọ́n ju ìdajì ilé lọ, buwọ́ lu lẹ́tà pé àwọn kò sí lẹ́yìn Akíntọ́lá mọ́. Gómìnà gba lẹ́tà, ó yọ Pírẹ́míà, ó fi Alhaji D.S. Adégbenró rọ́pò rẹ̀. Ilé kò jókòó, ẹnikẹ́ni kò dìbò. Akíntọ́lá gba ilé ẹjọ́ lọ.

Ìwé òfin agbègbè náà ní gómìnà lè yọ Pírẹ́míà bí "ó bá hàn sí i" pé ọ̀pọ̀ aṣòfin kò sí lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Ó hàn sí i báwo? Nínú lẹ́tà? Nínú ìbò? Lójú àlá? Ìwé òfin dákẹ́.

Ibi tí òfin bá ti dákẹ́ ni àṣà ti ń sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí a ti mú irú ìjọba yẹn wá, kò ní ìwé òfin kan ṣoṣo tó kó gbogbo rẹ̀ jọ. Kò sí òfin tó ní dandan ni kí ọba fọwọ́ sí àbádòfin, síbẹ̀ láti 1708 kò sí ọba tó kọ̀. Láti 1834, kò sí ọba tó dá yọ olórí ìjọba. Inú ilé aṣòfin ni wọ́n ti ń mọ̀ pé agbára ti bọ́ lọ́wọ́ olórí ìjọba. Àṣà yìí ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ wa, lábẹ́ Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, gbé ìdájọ́ lé ní oṣù Keje 1962: lẹ́tà kò tó, àfi ìbò. Adájọ́ Brett nìkan ni kò gbà.

Adégbenró gbé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lọ sí Privy Council ní Lọ́ńdọ́nù, ilé ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣì wà lókè tiwa nígbà náà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1963, wọ́n dá a láre. Ẹ̀rín máa ń pa mí níbí yìí: àwọn Gẹ̀ẹ́sì gan-an ló ní ká má fi àṣà Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ ìwé òfin wa. Ẹ ti kọ tiyín sílẹ̀, ohun tí ẹ kọ ni kí ẹ kà. Gómìnà ló mọ bí yóò ṣe hàn sí òun.

Ṣùgbọ́n Akíntọ́lá ti padà sórí àga láti oṣù Kìn-ín-ní. Kí ìdájọ́ náà tó tutù, ilé aṣòfin Ìbàdàn ti tún òfin ṣe: ìbò nínú ilé nìkan ló lè yọ Pírẹ́míà. Wọ́n sì ní kí òfin náà ṣiṣẹ́ padà sẹ́yìn dé oṣù Kẹwàá 1960! Àṣà tí adájọ́ kọ̀ ni aṣòfin wá kọ. Lójú tèmi, àtúnṣe náà dára, ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ni kò dára. Ta ló ń yí òfin ayò padà lẹ́yìn tí wọ́n ti ta ọ́ tán? Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, Nàìjíríà di olómìnira aláàrẹ, ẹjọ́ wa kò sì dé Lọ́ńdọ́nù mọ́.

Lónìí, apá 188 ìwé òfin 1999 kò fi "ó hàn sí i" kankan sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ yọ gómìnà, tó ti wá di olórí ìjọba ìpínlẹ̀ bíi Pírẹ́míà ìgbà náà: ìfọwọ́sí ìdá kan nínú mẹ́ta, ìgbìmọ̀ ìwádìí ẹni méje, ìbò ìdá méjì nínú mẹ́ta.

Ẹjọ́ náà kò kú, ó kàn ṣí lọ ni. Ní 2009, aṣòfin mẹ́ta ní ìpínlẹ̀ Perak, ní Màléṣíà, kúrò lẹ́yìn ìjọba. Sultan, ọba ìpínlẹ̀ náà, pe àwọn aṣòfin sí ààfin, ó gbọ́ tẹnu wọn, ó sì ní kí olórí ìjọba kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ìyẹn gba ilé ẹjọ́ lọ pé ìbò dà. Nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ dájọ́ ní 2010, ẹjọ́ Adégbenró àti Akíntọ́lá wà lára èyí tí wọ́n tọ́ka sí. Wọ́n ní Sultan kò jẹ̀bi.