Ta ló yẹ kó tún ilé tí a háyà ṣe? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn ayálégbé ní Ilé-Ifẹ̀

Ní Lágéré, ní Parakin, ní Mayfair àti ní gbogbo àdúgbò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pọ̀ sí, ohun kan náà ló ń rú àwọn ayálégbé lójú. Owó ilé ń gòkè, òrùlé tó jò ní èṣí ṣì ń jò lọ́dún yìí, ẹni tí a bá sì lọ fi ọ̀rọ̀ lọ̀ yóò ní kí a lọ bá ẹlòmíràn. Àwọn onílé kan wà tí wọn kò ní àánú lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a ṣe to ètò ilé yíyá fúnra rẹ̀ ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ìyà yìí, ìdí sì nìyẹn tí mo fi fẹ́ tú u palẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí ẹni tí a sanwó fún kì í fi í ṣe ẹni tó ń tún ilé ṣe?

Ìdáhùn: Ènìyàn mẹ́ta ló sábà máa ń wà láàárín ayálégbé àti àtúnṣe. Onílé ni àkọ́kọ́, ó sì lè jẹ́ pé Èkó tàbí òkè òkun ló ń gbé, tàbí pé ó ti di olóògbé tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì tíì fẹnu kò lórí ẹni tí yóò máa bójú tó ilé náà. Ajẹ́ńtì ni ìkejì. Ọjọ́ tí ayálégbé wọlé ni owó tirẹ̀ ń dé: ó wọ́pọ̀ kí ó gba ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́, kí ó sì tún gba ìdá 10 mìíràn fún àgírímẹ́ǹtì. Bí ayálégbé kan bá jáde tí òmíràn wọlé, owó náà tún wọlé fún un, ṣùgbọ́n kò sí kọ́bọ̀ kan tó kàn án bí a bá pààrọ̀ páànù tó ti dípẹtà. Kíátékà ni ìkẹta, ẹni tó ń gbé inú ọgbà náà, tó ń gbọ́ gbogbo ẹ̀sùn, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì dé ibi tí owó wà.

Nígbà tí páìpù bá bẹ́, kíátékà yóò pe ajẹ́ńtì, ajẹ́ńtì yóò pe onílé, onílé yóò sì béèrè iye tí iṣẹ́ náà jẹ́. Ọkàn rẹ̀ yóò sọ fún un pé wọ́n ti fi owó lé e, yóò sì ní kí wọ́n ṣì fara dà á títí owó ilé tó ń bọ̀ yóò fi dé. Ẹ rántí pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni a ń san owó ilé níbí, lápapọ̀. Kí oṣù keje tó pé, owó náà ti lọ sórí owó ilé ìwé tàbí ilé mìíràn tí onílé ń kọ́ lọ́wọ́, kò sì sí ohun tí a yà sọ́tọ̀ fún àtúnṣe. Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ fún àwọn onílé pẹ̀lú: láti ọdún 2023, tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí iye náírà sì já wálẹ̀, owó sìmẹ́ǹtì, páànù àti páìpù ti di ohun tí ń dẹ́rù bani. Ṣùgbọ́n owó ilé náà ti gòkè pẹ̀lú, ayálégbé ló sì ń san án.

Ìbéèrè: Ṣé òfin kò fi dandan lé onílé láti tún ilé rẹ̀ ṣe ni?

Ìdáhùn: Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Nínú òfin àtayébáyé tí a jogún lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn kóòtù wa ṣì ń tẹ̀ lé níbi tí kò bá sí òfin mìíràn tó rọ́pò rẹ̀, onílé tó bá yá ènìyàn ní ilé tí kò ní àga àti bẹ́ẹ̀dì nínú kò ní ọ̀ranyàn láti tún un ṣe, àfi bí ó bá fọwọ́ sí i pé òun yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Ayálégbé, ní tirẹ̀, gbọ́dọ̀ lo ilé náà bí ọmọlúàbí: kí ó má fọ́ ọ, kí ó sì máa ṣe àwọn ohun kéékèèké bíi títú ojú ihò omi tó dí. Kò sí ní ọrùn rẹ̀ láti tún ohun tí ogbó bà jẹ́ ṣe. Nítorí náà, òrùlé tó jò nítorí pé páànù ti gbó lè bọ́ sí àlàfo tí kò sí ẹni tí òfin nà ní ìka sí.

Ohun tí òfin fi lé onílé lọ́wọ́ láìjẹ́ pé a kọ ọ́ sílẹ̀ ni pé kí ó jẹ́ kí ayálégbé gbé ilé náà ní àlàáfíà. Kò gbọdọ̀ máa wọlé bó ṣe wù ú, kò gbọdọ̀ gé omi tàbí iná, kò sì gbọdọ̀ yọ ilẹ̀kùn tàbí páànù láti fi lé ènìyàn jáde. Mo ti rí àwọn tó ń ka òfin ilé yíyá ti ọdún 2011 lórí fóònù wọn, tí wọ́n sì ń fi í bá onílé jà ní Ilé-Ifẹ̀. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ni, agbára rẹ̀ kò dé Ọ̀ṣun.

Nítorí èyí, àgírímẹ́ǹtì ni ààbò ayálégbé, àkókò tí a sì lè bá onílé jíròrò lé e lórí ni kí a tó sanwó. Ẹ jẹ́ kí a kọ orúkọ ẹni tí yóò tún òrùlé, ògiri, ẹ̀rọ tó ń fa omi àti sọ́káwéè ṣe, àti iye ọjọ́ tí ó ní láti fi ṣe é lẹ́yìn tí a bá ti fi tó o létí. Ẹ tún jẹ́ kí a kọ ọ́ pé bí ọjọ́ náà bá kọjá, ayálégbé lè ṣe àtúnṣe náà kí ó sì yọ owó rẹ̀ nínú owó ilé tó ń bọ̀. Ẹni tó bá yọ ọ́ láìsí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí ìwé, tàbí ó kéré tán àtẹ̀jíṣẹ́ tí onílé fi gbà, lè sọ ara rẹ̀ di ajigbèsè lójú kóòtù.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí sọ́káwéè wa fi ń kún ní gbogbo ìgbà òjò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti dá owó jọ tí ọkọ̀ sì ti wá fa á?

Ìdáhùn: Nítorí pé fífà kì í ṣe ìwòsàn rẹ̀. Kòtò méjì ló ń ṣiṣẹ́ papọ̀. Èyí àkọ́kọ́ ń gba ìgbẹ́, omi inú rẹ̀ ń ṣàn lọ sínú èkejì, ibẹ̀ ni omi náà sì ti ń wọ inú ilẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kòtò. Ilẹ̀ Ifẹ̀ ní amọ̀ púpọ̀ nísàlẹ̀, amọ̀ kì í sì í yára mu omi. Nígbà tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, omi inú ilẹ̀ yóò gòkè dé ẹ̀gbẹ́ kòtò náà, omi tó wà nínú rẹ̀ kò sì ní ríbi lọ. Ọkọ̀ lè fa á gbẹ lónìí, kí ó sì tún kún láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọṣẹ àti epo tí a ń dà sínú ihò omi tún máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kòtò, wọn a sì dí i pa.

Ohun mìíràn tí a kì í fẹ́ sọ ni pé ilé tí a kọ́ fún ìdílé kan ni a ti gé sí yàrá wẹ́wẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́, tí ènìyàn 15 sì ń lo kòtò tí a gbẹ́ fún ènìyàn 6. Kòtò tuntun tó fẹ̀ ni àtúnṣe rẹ̀, iṣẹ́ onílé sì ni, nítorí pé òun ló fi kún iye yàrá, òun ló sì ń gba owó ilé lórí wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan kànga pẹ̀lú. Àwọn elétò ìlera sábà máa ń gba ni níyànjú pé kí mítà 30, ìyẹn nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 100, wà láàárín kànga àti sọ́káwéè. Púlọ́ọ̀tì tó wọ́pọ̀ níbí jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 ní ìbú àti 100 ní gígùn, nítorí náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọgbà tí ó lè pa èyí mọ́, ká má tíì sọ ti sọ́káwéè aládùúgbò lẹ́yìn odi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ se omi kànga kí ẹ tó mu ún, bó ti wù kó mọ́ lójú tó.

Ìbéèrè: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, wọ́n sì ní gbèsè iná wà lórí mítà. Èmi kọ́ ni mo jẹ ẹ́.

Ìdáhùn: Orí mítà ilé ni ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná sábà máa ń kọ gbèsè sí, ayálégbé tó sì jẹ ẹ́ lè ti kó lọ. Kí ẹ tó san owó ilé, ẹ gba nọ́ńbà mítà náà, kí ẹ ra iná díẹ̀ sí i, ẹ ó sì rí i bóyá wọ́n yọ nínú owó yín fún gbèsè àtijọ́. Kí àgírímẹ́ǹtì sọ ọ́ kedere pé onílé ni yóò san gbèsè tó wà kí ẹ tó dé.

Ìbéèrè: Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ gba oṣù mẹ́jọ ní 2022. Ṣé kò yẹ kí onílé dá owó àkókò yẹn padà?

Ìdáhùn: Ó dun àwọn òbí gan-an, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀ranyàn kankan lórí onílé, nítorí pé kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀bẹ̀ nìkan ni a lè fi gba nǹkan níbẹ̀.

Ìbéèrè: Bí mo bá ń fẹjọ́ sùn jù, ṣé onílé kò ní lé mi jáde?

Ìdáhùn: Ó lè sọ pé òun fẹ́ ilé òun padà, ṣùgbọ́n kò lè fi agbára lé yín. Ní 1986, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ bá ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó wí gidigidi nítorí pé ó fi agbára lé Ojúkwu kúrò nínú ilé kan ní Ìkòyí nígbà tí ẹjọ́ ṣì wà ní kóòtù. Bí ìjọba ológun kò bá lè ṣe é, onílé aládàáni kò lè ṣe é. Níbi tí àgírímẹ́ǹtì kò bá ti sọ nǹkan mìíràn, ẹni tó ń sanwó lọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ sí ìkìlọ̀ ìdajì ọdún, lẹ́yìn náà ìkìlọ̀ ọjọ́ 7, kí onílé tó lọ sí kóòtù Májísíréètì. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́kẹ̀ lé àṣìṣe inú ìwé ìkìlọ̀ láti fi jókòó sílé onílé láìsanwó: ní 2021, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ kan náà sọ pé òun kò ní fàyè gba irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọ̀nà tí ẹ̀sùn fi ń dé etí onílé láìdi ìjà ni kí gbogbo ayálégbé jọ fọwọ́ sí lẹ́tà kan ṣoṣo, tí ọ̀wọ̀ wà nínú rẹ̀, kí wọ́n fi àwòrán ibi tó bàjẹ́ sí i, àti iye tí oníṣẹ́ ọwọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bù lé e. Ìfura tí onílé ní nípa owó yóò dínkù bí ó bá rí iye méjì tó lè fi wéra. Ẹ fi ránṣẹ́ sí onílé fúnra rẹ̀, kí ajẹ́ńtì gba ẹ̀dà.

Ìbéèrè: Owó kọ́ṣọ̀n, ìyẹn owó tí wọ́n ń gbà pamọ́ nítorí ohun tó lè bàjẹ́ nínú ilé, tí mo san ńkọ́? Wọn kì í dá a padà.

Ìdáhùn: Ohun tí wọ́n fi ń gbà á mọ́ni lọ́wọ́ ni pé ilé bàjẹ́ lọ́wọ́ yín. Ní ọjọ́ tí ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́, kí ẹ tó gbé ẹrù kankan wọlé, ẹ ya àwòrán ògiri, àjà, fèrèsé, ojú ẹ̀rọ omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹ sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí ajẹ́ńtì lójú ẹsẹ̀ kí ọjọ́ lè hàn lára wọn. Ẹ gba rìsíìtì owó kọ́ṣọ̀n náà lọ́tọ̀, kí ó má ṣe wà pọ̀ mọ́ owó ilé lórí ìwé kan náà.