Mẹkáníìkì ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ, ṣé òótọ́ ni?

Ọkọ̀ gbóná lójú títì, wọ́n wọ́ ọ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, mẹkáníìkì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wò ó fìrí, ó mi orí, ó ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ. Ìyẹn á gba kí wọ́n tú orí ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n gbé e lọ fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fá a kó lè tẹ́jú, kí wọ́n ra gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, ọ́ìlì tuntun, kúláǹtì tuntun, owó gidi nìyẹn. Ó sì lè jẹ́ òótọ́ o. Àmọ́ ohun tó lè mú ọkọ̀ gbóná pọ̀: fáànù tí ò yí mọ́, ìdérí rédíétọ̀ tí rọ́bà ẹ̀ ti kú, tẹmọ́sítáàtì tó há, páǹpù omi tó ń jò, tàbí kí rédíétọ̀ fúnra ẹ̀ ti dí. Èyí tó gbówó lórí jù nínú gbogbo wọn ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ yẹn.

Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì kì í sábà lọ kó má fi ara ẹ̀ hàn. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti búlọ́ọ̀kù, kó má jẹ́ kí iná, omi àti ọ́ìlì pàdé ara wọn. Tó bá ti jóná, wọ́n á pàdé nìyẹn, ojú lásán á sì sábà rí ọ̀kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àwọn àmì yìí. Ọ́ìlì tó wà lára dípísítíìkì, irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, á funfun bíi mílíìkì tí wọ́n po mọ́ kọfí, èéfín funfun á máa tú lẹ́yìn ọkọ̀, kò sì ní dáwọ́ dúró kódà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, omi á máa dín kù láìjẹ́ pé ó kán sílẹ̀ níbì kankan. Tí wọ́n bá sì ṣí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù (tutù la wí o, torí omi rédíétọ̀ tó gbóná ti bó ojú èèyàn rí), tí wọ́n wá sítáàtì ọkọ̀, omi yẹn á máa hó, èéfín ẹ́ńjìnnì ló ń gbabẹ̀ jáde. Omi àyẹ̀wò kan tún wà tí àwọn tó mọṣẹ́ máa ń lò, búlúù ni, tí èéfín ẹ́ńjìnnì bá ti wọnú rédíétọ̀ á di yẹ́lò. Tí kò bá sí ìkankan nínú gbogbo ìwọ̀nyí, kí lẹni tó ní gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ rí?

Ìbéèrè yẹn gan-an ló yẹ kí ẹni tó ni ọkọ̀ bi mẹkáníìkì: "Ọ̀gá, kí lẹ rí tẹ́ẹ fi mọ̀?" Kì í ṣe "ṣé ó dá yín lójú?", torí kò sí mẹkáníìkì tó máa ní kò dá òun lójú. Ẹni tó yẹ nǹkan wò á ní wá wò ó, á fọwọ́ tọ́ ọ, á mi í, á gbé mítà lé e. Ẹni tí ò yẹ ẹ́ wò á ní ọdún kélòó lòun ti ń ṣe Toyota.

Kì í ṣe pé olè ni gbogbo wọn, ó tì o. Bí owó ṣe ń rìn nídìí iṣẹ́ yẹn ló fà á. Oníbàárà máa ń dúnàádúrà lórí owó iṣẹ́ bí ẹni tó ń ra ẹja, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ sanwó fún wákàtí méjì tí mẹkáníìkì fi wá wáyà kékeré kan tó já. Àmọ́ tí mẹkáníìkì bá lọ sọ́jà páàtì, bíi Ládípọ̀ l'Ékòó tàbí Àrárọ̀mí ní Gate n'Íbàdàn, tó gbé páálí dé, owó á jáde wẹ́rẹ́. Nítorí náà orí páàtì ni èrè rọ̀ mọ́, ẹni tó bá rí àléébù kékeré ló ń jẹ kékeré. Oníbàárà tó bá ní òun máa sanwó àyẹ̀wò lọ́tọ̀, yálà àtúnṣe wà níbẹ̀ tàbí kò sí, ti yí ọ̀rọ̀ yẹn padà. Àwọn kan náà sì wà tó jẹ́ pé wọn ò fẹ́ jalè, wọn ò kàn mọ̀ ni, wọ́n á pààrọ̀ eléyìí, tí ò bá lọ, wọ́n á pààrọ̀ ìyẹn, owó olówó ni wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́.

Scanner, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, wá dé báyìí, àwọn èèyàn sì rò pé ó ti parí. Ọkọ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ojú ihò OBD2 lábẹ́ sítíárì, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ti wá, ẹ kàn ki scanner bọ̀ ọ́ ni. Àmọ́ scanner kì í sọ pé ẹ pààrọ̀ nǹkan báyìí, ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ṣàkíyèsí ló ń sọ. Ẹ jẹ́ ká mú kóòdù P0301. Ohun tó ń wí ni pé iná ò jó dáadáa nínú sílíńdà kìíní. Kò sọ pé kọ́ìlì tó ń gbé iná wá ló bà jẹ́, kò sọ pé pílọ́ọ̀gì tó ń ṣáná ni, síbẹ̀ tí wọ́n bá ti rí i báyìí wọ́n á ní ẹ lọ ra kọ́ìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Dúró ná. Wọ́n á fi sípánà 10 tú kọ́ìlì sílíńdà kìíní, wọ́n á gbé e sórí ìkejì, wọ́n á gbé ti ìkejì sórí ìkíní, wọ́n á pa kóòdù yẹn rẹ́, wọ́n á wa ọkọ̀ yẹn káàkiri àdúgbò. Tó bá padà wá tó di P0302, kọ́ìlì yẹn ló bà jẹ́, àìsàn ti bá a lọ sílé tuntun, ẹyọ kan péré lẹ máa rà. Tó bá ṣì jẹ́ P0301, kọ́ìlì ò mọwọ́ mẹsẹ̀, ẹ ṣe pílọ́ọ̀gì náà bẹ́ẹ̀ kẹ́ẹ tó lọ bá injector tó ń fọ́n epo. Gbogbo ẹ̀ ò ju ìdajì wákàtí lọ, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

P0420 ńkọ́? Ìyẹn ní kátálíìsì, ohun tó ń fọ èéfín ọkọ̀ mọ́, ò ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ, àmọ́ sálẹ́ńsà tó ń jò tàbí oxygen sensor tó ti rẹ̀ lè mú un sọ bẹ́ẹ̀. Kẹ́ni tó ni ọkọ̀ sì fojú sílẹ̀ tí wọ́n bá ní àwọn máa yọ kátálíìsì dànù, torí platinum àti palladium wà nínú ẹ̀, àwọn tó ń rà á wà, "dànù" yẹn kì í ṣe ààtàn.

Ariwo abẹ́ ọkọ̀ náà ní tiẹ̀. Ọkọ̀ wọ kòtò, ó dún kọ́kọ́kọ́, wọ́n ní ṣọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kú. Ṣọ́ọ̀kì tó kú máa ń jẹ́ kí ọ́ìlì ṣàn sára ẹ̀, tí wọ́n bá sì tẹ igun ọkọ̀ yẹn mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó fi í sílẹ̀, á máa jó lọ jó bọ̀ dípò kó dìde lẹ́ẹ̀kan kó dúró. Tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n jáàkì ọkọ̀, kí wọ́n fi irin gígùn mi linkage (irin tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀kì), bọ́ọ̀ṣì (rọ́bà àárín irin) àti bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì (oríkèé ẹsẹ̀ ọkọ̀) lọ́kọ̀ọ̀kan. Linkage, tówó ẹ̀ ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀kì, ló máa ń dún bẹ́ẹ̀ nígbà púpọ̀.

Rẹwáyà tó ní alternator, ẹ̀rọ tó ń gba iná sí bátìrì, ti lọ, kó gbé mítà lé bátìrì. Bátìrì tó kún, tí ẹ́ńjìnnì wà ní pípa, máa ń wà ní nǹkan bíi volt 12.6, tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ ó yẹ kó gòkè sí bíi 13.5 sí 14.5. Tó bá gòkè bẹ́ẹ̀, alternator ń ṣiṣẹ́ ẹ̀. Gáàsì AC ní tiẹ̀ kì í jóná bí epo, inú páìpù tí wọ́n dí pa ló ń yí, ẹni tó bá ń rọ gáàsì lóṣooṣù láìwá ibi tó ń jò, afẹ́fẹ́ ló ń sanwó fún.

Àmọ́ ìgbà míì wà tó jẹ́ oníbàárà ló ń fura lásán. Mẹkáníìkì tó ní kí wọ́n pààrọ̀ páǹpù omi nígbà tí wọ́n bá ti tú timing belt (bẹ́líìtì tó ń mú kí inú ẹ́ńjìnnì yí bó ṣe yẹ), kò purọ́, iṣẹ́ kan náà ni, tẹ́ẹ bá fi sílẹ̀ tó bà jẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ẹ máa san owó títú lẹ́ẹ̀mejì. Kó kàn dá yín lójú pé ọkọ̀ yín ní belt: Camry Big Daddy onísílíńdà 4, chain (ṣéènì irin) ló ní, onísílíńdà 6 ló ní belt. Ṣọ́ọ̀kì náà, méjì méjì ni wọ́n ń pààrọ̀ ẹ̀, ọ̀tún pẹ̀lú òsì. Bíréèkì páádì tó ti fẹ́ẹ́ kù mílímítà 3, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì tó ń mì, táyà tí wáyà ẹ̀ ti yọ, ìyẹn ò ní kí èèyàn lọ rò ó wò, òní ni. Ọ́ìlì tó kàn ń rin ẹ́ńjìnnì lára díẹ̀ láìkán sílẹ̀ lè dúró, kí wọ́n ṣáà máa wo dípísítíìkì.

Tí owó yẹn bá pọ̀, kí èèyàn gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kejì, àmọ́ kó má sọ ohun tí ẹni àkọ́kọ́ wí o. Ohun tí ọkọ̀ ń ṣe nìkan ni kó sọ: àárọ̀ nìkan ló ń ṣe é, tó bá gbóná ló ń bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n bá yíwọ́ sósì ló ń dún. Tí ẹni kejì bá dárúkọ nǹkan kan náà láìgbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ó ti fẹ́ẹ́ dá èèyàn lójú.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sì ni kí oníbàárà ti sọ pé òun máa kó páàtì àtijọ́ lọ, kí wọ́n má sọ ọ́ nù. Tí wọ́n bá wá gbé páálí tuntun fún un, tí wọ́n ní àwọn ò mọ ibi táwọn ju ti àtijọ́ sí, kó rọra ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó wo ibi tí wọ́n ní àwọn ṣiṣẹ́ sí, kó wò ó bóyá eruku àtọdúnmọ́dún ṣì wà lórí bóòtù tí wọ́n láwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ tú.