Ọtí Kì í Pa Ìrònú Rẹ́: Ohun Tí Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Inú Fíìmù Kò Sọ fún Wa

Ẹni tó bá ń wo fíìmù ọ̀daràn dáadáa ti mọ ọkùnrin yìí kó tó yọjú rárá. Ọlọ́pàá ni. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti kún, aṣọ rẹ̀ ti hunjọ, ìgò ọtí kì í sì í jìnnà sí i. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, tàbí kó ti kó ẹrù lọ. Àwọn ọlọ́pàá tí ojú wọn dá yóò wá apànìyàn títí, wọn ò ní rí i. Òun tí ọtí ń yí láti òwúrọ̀ ni yóò wo òkú lẹ́ẹ̀kan péré, tí yóò sì rí ohun tó pa mọ́ gbogbo wọn lójú.

Àwọn ará Kerala mọ irú fíìmù yìí í ṣe. Gúúsù Íńdíà ni Kerala wà, èdè Malayalam ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, sinimá wọn sì yàtọ̀ pátápátá sí ti Bollywood tí wọ́n ń fi èdè Hindi ṣe ní Mumbai. (Ẹni tó bá ń retí ijó inú òjò níbẹ̀ á dúró títí.) Ní ọdún 2013, Jeethu Joseph gbé Memories jáde. Prithviraj Sukumaran ló ṣe Sam Alex, ọlọ́pàá tó mọṣẹ́, tí ọ̀daràn kan pa ìyàwó àti ọmọbìnrin rẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti sọ ọtí di oúnjẹ. Nígbà tí ẹnì kan wá ń pa àwọn ọkùnrin lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì ń kọ nǹkan sára òkú wọn, àwọn tó sún mọ́ Sam rọ̀ ọ́ títí ó fi gbà láti ṣèwádìí. Ìgò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣì ń já ọ̀rọ̀ náà ní kọ̀ọ̀kan.

Fíìmù náà dára, mi ò ní parọ́. Ohun méjì tó ń bá irú ìtàn bẹ́ẹ̀ rìn ni mi ò gbà, àwọn méjèèjì sì ti wà lọ́dọ̀ wa tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fi fíìmù Kerala hàn wá. Èkíní ni pé ọtí máa ń pa ìrònú rẹ́. Èkejì ni pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́, tó wá fi ọtí lé e, ojú inú rẹ̀ á là ju ti ẹlòmíràn lọ. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀, ẹ ó gbọ́ ti èkíní lẹ́nu àwọn tó nífẹ̀ẹ́ ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀: "Ẹ bu díẹ̀ fún un, kó fi pàrònú rẹ́."

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ gan-an? Bí ọtí bá ti wọra, ó máa ń kún kẹ́míkà tó ń dẹ ọpọlọ lọ́wọ́, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní GABA, ó sì máa ń tẹ èyí tó ń ta ọpọlọ jí mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ara fi ń rọ̀ wọ̀ọ̀, tí àyà tó ń já fi ń rọlẹ̀. Ìtura yẹn kì í ṣe irọ́, òun gan-an ló sì ń tan ni. Ọpọlọ kì í káwọ́ gbera. Bí a bá ń dẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, òun náà á máa ta ara rẹ̀ jí sí i kí nǹkan lè dọ́gba. Tí ọtí bá wá dá lójú, ìtají yẹn nìkan ló kù nílẹ̀: àyà á máa já, ọwọ́ á máa gbọ̀n, inú á máa bí ni láìnídìí. Ẹni náà á ní ìbànújẹ́ òun ló padà dé, á tún gbé ìgò. Púpọ̀ nínú ohun tó ń fi ọtí òní pa, ọtí àná ló bí i.

Àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá méjì ní Amẹ́ríkà, Claude Steele àti Robert Josephs, ṣe àyẹ̀wò kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1988, tó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó ń kọ eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mọ̀. Wọ́n sọ fún àwọn ènìyàn pé láìpẹ́ wọn yóò dìde sọ̀rọ̀ lórí ohun tí wọn kò fẹ́ràn lára ìrísí ara wọn. Ta ni àyà rẹ̀ kò ní já? Wọ́n wá fún àwọn kan lọ́tí. Àwọn tó mutí tí wọ́n sì fún ní àwòrán láti máa wò, tí wọ́n ní kí wọ́n máa sọ èyí tó dùn mọ́ wọn, ọkàn wọn balẹ̀ lóòótọ́. Àwọn tó mutí tí wọ́n fi sílẹ̀ kí wọ́n kàn jókòó, ìbẹ̀rù wọn pọ̀ sí i ni. Ohun tí Steele àti Josephs rí dì mú ni pé ọtí máa ń fún ojú ọkàn ní híhá. Kì í pa nǹkan kan rẹ́. Ohun tó bá wà níwájú rẹ nìkan ni yóò jẹ́ kí o máa rí. Bí ó bá jẹ́ ijó, àríyá àti àwàdà ọ̀rẹ́ ló wà níwájú rẹ, wàá gbàgbé gbèsè. Bí ó bá jẹ́ òkú ìyàwó rẹ ló wà níwájú rẹ, òun nìkan ni wàá máa rí.

Ẹ wá padà sọ́dọ̀ Sam Alex. Iyàrá ṣókùnkùn, òun nìkan, ìgò, àti ìrántí ìyàwó àti ọmọ. Kò sí ibi tí ọtí ti lè burú fún ọlọ́fọ̀ ju ibẹ̀ lọ, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn olùdarí fíìmù máa ń gbé e sí, torí pé kámẹ́rà fẹ́ràn rẹ̀.

Ti oorun tún wà níbẹ̀. "Mo mu ún kí n lè sùn" ni ọ̀pọ̀ máa ń wí, òótọ́ sì ni pé ọtí máa ń tètè gbé ènìyàn sùn. Àmọ́ oorun tí a fi ń lálàá, tí ọpọlọ fi ń to ohun tó dùn wá sí àyè rẹ̀, ni ọtí máa ń gé kúrú ní ìdajì àkọ́kọ́ òru. Tó bá di nǹkan bí aago mẹ́ta òru, ẹni náà á ta jí, kò ní lè sùn mọ́, á wá máa ro ohun tó sá fún. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Tokyo fi eku dán nǹkan kan wò. Wọ́n ti fi iná mànàmáná kọ́ àwọn eku náà láti máa bẹ̀rù ibì kan. Wọ́n dá wọn padà síbẹ̀ kí wọ́n lè rántí, lẹ́yìn náà wọ́n gún wọn ní abẹ́rẹ́ ọtí. Ìbẹ̀rù náà le sí i lára àwọn tó gba ọtí ju àwọn tí kò gbà á lọ. Èèyàn kì í ṣe eku, mo gbà, ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí kò rí eku Tokyo náà ti wí i pé amutí-gbàgbé-ìṣẹ́, ìṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀.

Ó ku ti ojú inú. Kí n má ṣègbè, ẹ̀rí díẹ̀ wà fún àwọn tó gbà á gbọ́. Ní Yunifásítì Illinois ní Chicago, àwọn olùwádìí gbé èsì kan jáde ní ọdún 2012: àwọn ọkùnrin tí wọ́n fún lọ́tí díẹ̀, tí kò tó ohun tí òfin fi ń mú awakọ̀ lọ́pọ̀ ibi ní Amẹ́ríkà, tètè já àlọ́ ọ̀rọ̀ kan ju àwọn tí kò mu lọ. Wọ́n á fún wọn ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta, wọ́n á ní kí wọ́n wá ẹ̀kẹrin tó bá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu. Àwọn tó ń polówó ọtí kò jẹ́ ká gbádùn látìgbà náà. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé àyẹ̀wò kan náà fi hàn pé agbára àwọn ọkùnrin yẹn láti di ọ̀pọ̀ nǹkan mú pọ̀ nínú orí lẹ́ẹ̀kan dín kù. Iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ dà? Ta ló wà níbo, aago mélòó, ta ló purọ́ nípa ọkọ̀, bàtà ta ni èyí. Dídi nǹkan mú pọ̀ ni gbogbo rẹ̀.

Bí ọtí bá sì pọ̀ jù tó sì yára wọra, apá ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní hippocampus, tó ń tọ́jú ohun tuntun sínú ìrántí, yóò dá iṣẹ́ dúró. Ẹni náà ṣì ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀, ó tún lè wa mọ́tò, àmọ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀ sí fóònù tí kò tẹ bọ́tìnnì ìgbohùnsílẹ̀ ni, kò sí ohun tó wọlé. Kì í ṣe pé ó gbàgbé. Nǹkan náà kò fìgbà kan wà nípamọ́. Ọlọ́pàá tó bá fi irú orí bẹ́ẹ̀ fọ̀rọ̀ wá ẹlẹ́rìí lẹ́nu wò lálẹ́ kò ní nǹkan kan láti kọ sínú ìwé lówùúrọ̀.

Omi tútù tàbí kọfí tí wọ́n máa ń fún un nínú fíìmù, tí ojú rẹ̀ á sì dá lójú ẹsẹ̀? Ẹ̀dọ̀ ló ń yọ ọtí, kò sì mọ̀ pé ẹjọ́ ń kánjú. Ìgò bíà ńlá kan ṣoṣo lè gbà á ju wákàtí 2 lọ. Kọfí kàn ń sọ ọ̀mùtí di ọ̀mùtí tí oorun kò kùn ni.

Èyí tó burú jù kì í hàn nínú fíìmù rárá. Ọ̀mùtí tí kì í jẹun dáadáa fún ọ̀pọ̀ ọdún lè pàdánù fítámì B1 débi tí ọpọlọ rẹ̀ á bàjẹ́. Carl Wernicke àti Sergei Korsakoff ló ṣàpèjúwe ìyà náà ní àwọn ọdún 1880. Ẹni tó bá ṣe kì í lè di ohun tuntun mú, ọpọlọ rẹ̀ a sì máa fi ìtàn tí kò ṣẹlẹ̀ dí àlàfo. Kì í purọ́. Yóò sọ fún ọ pẹ̀lú òótọ́ inú pé òun wà lọ́jà láàárọ̀, nígbà tó jẹ́ pé orí bẹ́ẹ̀dì ló ti jí. Ẹ fi irú ọkùnrin yẹn ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, kí ẹ wá wo ẹni tí yóò ṣẹ̀wọ̀n.

Kerala fúnra rẹ̀ kò gba irọ́ yìí gbọ́ tó bí fíìmù rẹ̀ ṣe ń fi hàn. Ìpínlẹ̀ tó ti ń bá ọtí jìjàkadì tipẹ́ ni. Wọ́n ń dá ẹmu níbẹ̀ bíi tiwa, orí igi àgbọn ni wọ́n sì ti ń dá púpọ̀ nínú rẹ̀; kallu ni wọ́n ń pè é, ṣọ́ọ̀bù kallu sì lókìkí fún ẹ̀gẹ́ sísè àti ọbẹ̀ ẹja tó ta gan-an. Àwọn Ezhava, ìran kan ní Kerala, ni iṣẹ́ ẹmu dídá wà lọ́wọ́ wọn látijọ́, àárín wọn náà sì ni Sree Narayana Guru ti jáde, olùkọ́ ẹ̀sìn tó kú ní ọdún 1928, tó sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí wọ́n má pọn ọtí, kí wọ́n má fún ẹlòmíràn, kí wọ́n má sì mu ún. Ní ọdún 1996, ìjọba ìpínlẹ̀ náà fòfin de charayam, tó dà bí ògógóró. Ní ọdún 2014, wọ́n ní kí gbogbo ilé ọtí tí kò sí nínú òtẹ́ẹ̀lì oníràwọ̀ márùn-ún kógbá sílé. Ìjọba mìíràn dé, ó yí i padà ní ọdún 2017. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló ń ta ọtí láti ọwọ́ iléeṣẹ́ kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Bevco, owó tó ń wọlé láti ibẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Bí wọ́n bá sì gbé ife sẹ́nu nínú fíìmù Malayalam, ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú amóhùnmáwòrán: ìkọ̀wé kékeré kan á yọ, á ní ọtí ń ba ìlera jẹ́.

Oṣù kẹta ọdún 2020 ni ọ̀rọ̀ náà wá bọ́ sójú táyé. Kónílé-ó-gbélé dé nítorí àrùn Kòrónà, Bevco tilẹ̀kùn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìròyìn ti ń jáde nípa àwọn tí ọtí ti di bárakú fún tí wọ́n pa ara wọn. Ìjọba Kerala wá pàṣẹ pé ẹni tó bá mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ dókítà ìjọba lè rí ọtí rà. Inú bí àwọn dókítà. Ẹgbẹ́ wọn sọ pé ọtí kì í ṣe oògùn fún ìyà tí àìsí ọtí ń fi jẹ ni, pé oògùn tòótọ́ wà ní ilé ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ náà, ilé ẹjọ́ sì dá àṣẹ náà dúró ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin.

Àwọn dókítà yẹn mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹni tó ti ń mutí lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́ kò gbọdọ̀ kàn dédé fi í sílẹ̀ ní òun nìkan nínú iyàrá, bí akọni inú fíìmù ṣe máa ń da ìgò sínú kòtò ìdọ̀tí lálẹ́ tí ara rẹ̀ á sì ti yá láàárọ̀. Ní wákàtí díẹ̀, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn á máa bò ó. Láàárín ọjọ́ 2 àkọ́kọ́, gìrì lè mú un. Ní nǹkan bí ọjọ́ kejì sí ẹ̀kẹta, àwọn kan á máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, wọ́n á máa bá òkú sọ̀rọ̀, ibà á mú wọn, ẹni tí wọn kò bá sì tètè tọ́jú lè kú. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń fi oògùn rọ̀ ọ́ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n á sì dá fítámì B1 padà sí i lára. Nílẹ̀ Yorùbá, ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta ń tọ́jú irú wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Yaba l'Ékòó, ẹni tó bá sì lọ síbẹ̀ kò di wèrè, ohun yòówù kí àwọn ará àdúgbò máa sọ.

Ti ọ̀fọ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ibi tí mo ti gbóríyìn fún Memories nìyí, bí mi ò tilẹ̀ mọ̀ bóyá olùdarí rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀. Ìgò ti wà lọ́wọ́ Sam Alex tipẹ́ kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, kò sì tún nǹkan kan ṣe. Ohun tó gbé e dìde ni pé àwọn kan kò yéé wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n sì gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ lágbègbè yín, ẹni tí yóò máa wá lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́fà, tí yóò gbé oúnjẹ wá, tí yóò jẹ́ kí ọlọ́fọ̀ dárúkọ òkú bó ṣe wù ú, tí yóò bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà bí kò bá lè sùn mọ́, ni kí ẹ wá fún un. Ẹ fi ìgò sílẹ̀ nílé.