Ojú oríkèé ni ká ti gé e: bí a ṣe ń ka ọ̀rọ̀ gígùn inú èdè Dutch

Ẹni tó bá ń gbé ní Nẹ́dálándì, tàbí ní apá àríwá Bẹ́ljíọ̀m tí wọ́n ti ń sọ èdè Dutch, kò ní pẹ́ rí irú ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí i: arbeidsongeschiktheidsverzekering. Lẹ́tà 33 ni, kò sí àlàfo kankan láàárín wọn. Ètò adójútòfò fún ẹni tí àìsàn tàbí ìjàǹbá kò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ mọ́ ló ń sọ. Ojú máa ń kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n sílébù 10 péré ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yìn ni ká ti wò ó. Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn ni olórí, gbogbo èyí tó ṣáájú kàn ń yán an ni. Arbeid ni iṣẹ́, ongeschiktheid ni àìlè ṣe é, verzekering ni adójútòfò. Yorùbá kì í tò ó bẹ́ẹ̀: ní "ilé ìwòsàn", ilé ló ṣáájú, ní ziekenhuis, huis tó jẹ́ ilé ló kẹ́yìn. Olórí yìí náà ló ń pinnu bóyá de ni wọn yóò fi ṣáájú ọ̀rọ̀ náà tàbí het, ìyẹn ọ̀rọ̀ kékeré méjì tó ń ṣiṣẹ́ bíi the inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ń sọ pé het ziekenhuis nítorí pé het huis ni wọ́n ń sọ; zieken kò ní ẹnu níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kan ti pàdé èkejì ni oríkèé. Nígbà mìíràn wọ́n kàn máa ń lẹ̀ wọ́n pọ̀, nígbà mìíràn wọ́n á fi s tàbí en so wọ́n. S tó wà lẹ́yìn arbeid àti heid kò ní ìtumọ̀ tirẹ̀, sílébù tó ṣáájú rẹ̀ ló ni ín: ar-beids-on-ge-schikt-heids-ver-ze-ke-ring. Ti en gba àfiyèsí díẹ̀. Kí wọ́n tó tún àkọtọ́ ṣe lọ́dún 1995, pannekoek ni wọ́n ń kọ fún àkàrà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń dín nínú páànù. Lẹ́yìn àtúnṣe náà, ó di pannenkoek. Ìwé yí padà, ẹnu kò yí padà. Ní Amsterdam tàbí Rotterdam, n yẹn kì í sábà jáde, e kúkúrú tí kò lágbára nìkan ni à ń gbọ́. Àwọn ará Groningen ní tiwọn máa ń pè é síta.

Tí ọ̀rọ̀ bá kún ìlà tí wọ́n fẹ́ gé e, ojú oríkèé ni wọ́n ń gé e sí. Ẹnu kì í dúró níbẹ̀. Zak ni àpò, doek ni aṣọ, zakdoek ni áńkáṣíìfù. Zak-doek ni ìwé ń gé e, ṣùgbọ́n d máa ń fa k mọ́ra débi pé k yóò dún bíi g inú "ìgò" gan-an. Bákan náà ni asbak, àwo eérú sìgá, ṣe ń dún bí ẹni pé z ló wà níbi s. Ṣùgbọ́n ní postzegel, ìyẹn sítáńpù, t ló borí: z di s. Òfin ibẹ̀ kò le. Tí b tàbí d bá tẹ̀lé kọ́ńsónáǹtì àìkùnyùn, èyí tí ọ̀fun kì í gbọ̀n tí a bá ń pè é, bíi t, k tàbí s, b tàbí d náà ló ń borí. Tó bá jẹ́ z, v tàbí g ló tẹ̀lé e, òun ló ń tẹrí ba.

Ẹni tí kò bá mọ oríkèé yóò ṣi ọ̀rọ̀ pè. Ẹ wo kwartslagen. Tí a bá gé e sí kwart-slagen, yíyí nǹkan ní ìlàrin-ìlàrin ni. Tó bá jẹ́ kwarts-lagen, ìpele òkúta quartz ni. Massagebed tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sílébù mẹ́rin kan náà ni, mas-sa-ge-bed, bó ti wù ká gbà á. Tó bá jẹ́ massage àti bed, ibùsùn tí wọ́n ti ń wọ́ra fún èèyàn ni: sa ló wúwo, g sì ń dún bíi ti àwọn Faransé. Tó bá jẹ́ massa àti gebed, àdúrà ọ̀pọ̀ èrò ni: mas ló wúwo, g sì ń ti ọ̀nà ọ̀fun jáde. Ìtumọ̀ gbólóhùn nìkan ló lè yanjú rẹ̀.

Kọ́ńsónáǹtì tó ṣùpọ̀ ló ń dá Yorùbá lágara jù. Sílébù wa kì í gba kọ́ńsónáǹtì méjì tẹ̀lé ara wọn, ìdí nìyẹn tí bread fi di búrẹ́dì lẹ́nu wa. Dutch ní angstschreeuw, igbe ìpayà. Lẹ́tà kọ́ńsónáǹtì mẹ́jọ ló tò tẹ̀lé ara wọn láàárín rẹ̀, síbẹ̀ sílébù méjì péré ni. Kí a pe angst tán pátápátá, kí a tó bẹ̀rẹ̀ schreeuw, nínú èyí tí ch ti ń dún láti ọ̀fun lẹ́yìn s. Ẹni tó bá ki í tàbí ú bọ àárín wọn ti sọ sílébù méjì di mẹ́rin tàbí márùn-ún, etí onídutch kò sì ní í gbá a mú. Àwọn náà máa ń ki fáwẹ́lì bọ ọ̀rọ̀ o: ọ̀pọ̀ wọn ń pe melk, wàrà, bí mellek. Ṣùgbọ́n sílébù kan ni wọ́n ṣì ń kà á sí.

Níbi tí fáwẹ́lì méjì bá ti fẹ́ dàpọ̀ lójú, wọ́n máa ń fa ìlà kékeré sí oríkèé: auto-ongeluk, ìjàǹbá ọkọ̀, zee-eend, pẹ́pẹ́yẹ òkun.

Ó ku ibi tí ohùn ti ń wúwo. Dutch kò ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bíi tiwa; sílébù kan ló máa ń gba agbára ju ìyókù lọ, apá àkọ́kọ́ ló sì sábà máa ń wà: ZIE-ken-huis. Àwọn kan yapa. Stadhuis, gbọ̀ngàn ìlú, huis ló wúwo nínú rẹ̀. Boerenkool, ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń gún mọ́ ọ̀dùnkún nígbà òtútù, kool ni. Kò sí ọgbọ́n tí a fẹ́ dá sí wọn ju ká kọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ ìṣe náà ní tirẹ̀. Tí voor bá wúwo nínú voorkomen, "ṣẹlẹ̀" ló túmọ̀ sí. Tó bá jẹ́ ko, "dènà" ni. Níbi tí òǹkàwé bá ti lè ṣì í mú, wọ́n máa ń fi àmì lé e lórí bí àwa náà ṣe ń fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀: vóórkomen, voorkómen.