Igbákejì olùdíje kì í ṣe àpò ìbò

Bí ẹgbẹ́ òṣèlú kan bá ti kéde ẹni tí yóò ṣe igbákejì olùdíje ààrẹ wọn, ìbéèrè mẹ́ta ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn lóòró nídìí àtẹ l'Ákùúrẹ́: Ọmọ ibo ni? Mùsùlùmí ni àbí Kristẹni? Ìbò mélòó ló máa kó wá? Ìbéèrè kẹta ló bí méjì àkọ́kọ́. Èrò wọn ni pé àpò ìbò ni igbákejì, pé tí wọ́n bá ti mú ọmọ ìpínlẹ̀ kan, ìpínlẹ̀ yẹn ti di tiwọn. Èsì tí INEC, àjọ elétò ìdìbò, kéde kò gbè é lẹ́sẹ̀.

Ní 2023, Atiku Abubakar, olùdíje PDP, mú Ifeanyi Okowa, gómìnà tó ṣì wà lórí àga ní Delta. Bọ́lá Tinúbú, olùdíje APC, mú Kashim Shettima, tó ti ṣe gómìnà Borno fún ọdún mẹ́jọ. Peter Obi, olùdíje Labour, mú Datti Baba-Ahmed, ọmọ Kaduna. Ní Delta, ẹgbẹ́ Labour ní ìbò 341,866, PDP tí gómìnà ìpínlẹ̀ náà ń bá du ipò ní 161,600. Ní Kaduna, PDP ló gbégbá orókè pẹ̀lú 554,360, Labour ṣe ipò kẹta pẹ̀lú 294,494. Borno nìkan ni igbákejì ti já ilé gbà fún ọ̀gá rẹ̀, 252,282 sí 190,921. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ o. Ní 2019, nígbà tí APC kò fi ọmọ Borno kankan ṣe igbákejì, ìbò 836,496 ni Buhari rí níbẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn tó jáde dìbò ní 2023 kéré gan-an kárí orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, bó bá jẹ́ àpò ni, àpò náà ti jò.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí ọ̀dọ̀ wa. Ní 2019, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, ọmọ Yorùbá, ni igbákejì ààrẹ, ó tún ń du ipò náà lẹ́ẹ̀kejì. Akérédolú tó jẹ́ gómìnà Oǹdó, ọmọ ẹgbẹ́ APC ni. Atiku ló jáwé olúborí ní Oǹdó, 275,901 sí 241,769. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Agboọlá Àjàyí, tó jẹ́ igbákejì gómìnà lọ́wọ́lọ́wọ́, jáde dupò gómìnà fúnra rẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ ZLP. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ 18, Akérédolú gba 15, Èyítáyọ̀ Jẹ́gẹ́dẹ́ ti PDP gba 3: Àríwá Àkúrẹ́, Gúúsù Àkúrẹ́ àti Ìfẹ́dọ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀-Odò tó bí Àjàyí kò sí lọ́wọ́ Àjàyí.

Kí ló fà á? Ẹ ṣí ìwé ìdìbò wò: àmì ẹgbẹ́ àti orúkọ ẹgbẹ́ ló wà níbẹ̀. Orúkọ olùdíje gan-an kò sí lórí rẹ̀, kí á má tíì sọ ti igbákejì. Olórí tíkẹ́ẹ̀tì àti ẹgbẹ́ ni èèyàn ń tẹ̀ka fún. Ohun tí igbákejì lè mú wá ni owó, àwọn tó mọ ilẹ̀, àti aṣojú ẹgbẹ́ tí yóò jókòó ti àpótí ìbò títí wọn yóò fi ka èsì. Oǹdó nìkan ní ibùdó ìdìbò 3,933. Ẹni tó lè rí èèyàn tó ṣeé fọkàn tán fi sí ìdajì wọn, ó ti ṣiṣẹ́, àmọ́ ọ̀tọ̀ ni ìyẹn, ọ̀tọ̀ ni kí àwọn ará ìlú rẹ̀ torí tirẹ̀ nìkan dìbò.

Ìgbàgbọ́ yìí ní gbòǹgbò kan tó ṣeé gbọ́. Abala 134 ìwé òfin orílẹ̀-èdè ní kí ẹni tó bá fẹ́ di ààrẹ ní ìbò tó pọ̀ jù, kó sì tún rí ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀, èyí tí í ṣe 24, àti Àbújá. Nítorí náà ni àwọn ẹgbẹ́ fi ń wá ẹni tó jìnnà sílé olùdíje. Àmọ́ àwọn kan ti wá gbà pé òfin ló ní kí ọ̀kan wá láti Àríwá, kí èkejì wá láti Gúúsù, kí ẹ̀sìn wọn sì yàtọ̀. Kò sí níbì kankan. Ohun tí abala 142 béèrè ni pé kí àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kan náà, kí igbákejì sì pójú òṣùwọ̀n tó wà fún ààrẹ: ọmọ orílẹ̀-èdè yìí nípa ìbí, ọdún 35 ó kéré tán, ẹ̀kọ́ tó tó ìpele ìwé mẹ́wàá. Àṣà òṣèlú ló bí ìyókù. Ní 1993, Mùsùlùmí ni Abíọ́lá, Mùsùlùmí ni Kingibe, wọ́n sì borí nínú ìbò, kódà wọ́n na Tofa, alátakò wọn, ní Kano tó jẹ́ ilé rẹ̀. Ní 1979, Awólọ́wọ̀ mú Philip Umeadi láti ilẹ̀ Ìgbò. Kò rí Anambra gbà, kò rí Imo gbà. Olú Fáláè tiwa n'Ákùúrẹ́ mú Umaru Shinkafi láti Àríwá ní 1999, síbẹ̀ 62.78 nínú ọgọ́rùn-ún ni Ọbásanjọ́ fi borí.

Kò wá túmọ̀ sí pé igbákejì kò lè pa olùdíje lára. Ó rọrùn fún un láti ba nǹkan jẹ́ ju kó tún un ṣe lọ, pàápàá nípa ìwé. Ní Bayelsa, David Lyon ti borí, aṣọ ìbúra ti délé, nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ da ìbò rẹ̀ nù ní February 13, 2020, ìbúra ku ọ̀la. Ẹ̀sùn náà kò kan Lyon rárá. Igbákejì rẹ̀, Biobarakuma Degi-Eremienyo, ni orúkọ tó wà lórí àwọn ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò bára mu, ilé ẹjọ́ sì sọ pé irọ́ ló kọ fún INEC. Tíkẹ́ẹ̀tì kan ni wọ́n jọ gùn. Bí ọ̀kan bá já, àwọn méjèèjì ló já. Nítorí èyí, fọ́ọ̀mù EC9, ìwé tí olùdíje fi ń kọ àlàyé nípa ara rẹ̀ tí INEC máa ń lẹ̀ síta, ṣe pàtàkì ju ìjíròrò ẹ̀yà lọ. Ẹ wò ó bóyá orúkọ, ọjọ́ ìbí àti ilé ìwé bá ara wọn mu láti orí ìwé mẹ́fà dé ti yunifásítì, bóyá ìwé ìbúra kóòtù wà fún èyí tó bá yí padà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo jù nìyí, Oǹdó sì mọ̀ ọ́n ju ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ lọ. Ní 2020, ẹ̀yà àti agbègbè ni ọ̀pọ̀ fi wo bí Akérédolú ṣe mú Lucky Ayédatiwá, ọmọ Ìlàjẹ: Ọ̀wọ̀ lókè, ẹsẹ̀ odò nísàlẹ̀, ó ti bára mu. Ní June 2023 àìsàn gbé gómìnà lọ sí ìsinmi, Ayédatiwá di adelé. Ní September gómìnà padà, ìjà bẹ́ sílẹ̀, ilé ìgbìmọ̀ fẹ́ yọ igbákejì. Ní December 13 wọ́n tún gbé agbára fún un. Ní December 27 Akérédolú kú ní Jámánì, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n búra fún Ayédatiwá l'Ákùúrẹ́. Ẹni tí àwọn kan kà sí àfikún ìbò ni ó wá ń buwọ́ lu ìwé ìnáwó ìpínlẹ̀. Ní ti Àbújá, Yar'Adua jáde nílùú ní November 23, 2009 láìkọ ìwé gbé agbára sílẹ̀. February 9, 2010 ni ilé aṣòfin tó sọ Jonathan di adelé. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n tún abala 145 ṣe: bí ààrẹ kò bá lè kọ ìwé láàárín ọjọ́ 21, ilé aṣòfin yóò fi ìbò gbé agbára fún igbákejì. Abala 190 sọ bákan náà fún gómìnà.

Òmíràn ni pé àwọn kan rò pé bí igbákejì kò bá dára, ọ̀gá rẹ̀ lè lé e. Kò lè lé e. Ní April 2007, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé Ọbásanjọ́ kò lágbára láti kéde pé ipò Atiku, igbákejì rẹ̀, ti ṣófo nítorí pé ó kúrò nínú PDP. Ìyọnípò nìkan ló wà: ẹ̀sùn tí ìdá kan nínú mẹ́ta fọwọ́ sí, ìbò ìdá méjì nínú mẹ́ta láti ṣèwádìí, ìgbìmọ̀ ẹni méje tí adájọ́ àgbà yàn, kí wọ́n tó tún fi ìdá méjì nínú mẹ́ta dìbò. Ní Oǹdó tí aṣòfin rẹ̀ jẹ́ 26, ìyẹn 18. Ní 2015 wọ́n rí i fi yọ Alí Ọlánúsì, igbákejì gómìnà ìgbà náà, tó fi PDP sílẹ̀ bọ́ sí APC. Ní 2020, 14 péré ló fọwọ́ sí ti Agboọlá Àjàyí, kò tó 18 tí ìwádìí nílò, adájọ́ àgbà sì kọ̀ láti yan ìgbìmọ̀. Àwọn àgbà tó wà l'Ákùúrẹ́ ní 1983 mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí igbákejì bá yapa: Akin Ọmọ́bóríowó, tó jẹ́ igbákejì Gómìnà Ajáṣin, bọ́ sí ẹgbẹ́ NPN, wọ́n kéde rẹ̀ pé ó borí ọ̀gá rẹ̀ àná, ìgboro gbiná, ẹ̀mí sùn, kí ilé ẹjọ́ tó dá ipò padà fún Ajáṣin.

Bí a bá fẹ́ wọn ẹni tí wọ́n mú, ìbéèrè tó yẹ ni: bí ipò bá bọ́ sí i lọ́wọ́ lọ́la, ṣé ó ti ṣàkóso owó ìjọba tàbí ọ́fíìsì ńlá rí? Ta ló ń bọ́ ọ, ta ló lè bá a wí? Ṣé òun àti olùdíje ti jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ rí, àbí àwọn àgbà ẹgbẹ́ ló so wọ́n pọ̀? Iṣẹ́ tí òfin fún igbákejì ààrẹ ní tààrà kò pọ̀, jíjẹ́ alága ìgbìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé tí àwọn gómìnà wà nínú rẹ̀ ló gbajúmọ̀ jù. Ìyókù, ohun tí ààrẹ bá fún un ni. Bí òun náà bá di ààrẹ, òun ló máa yan igbákejì tuntun, ilé aṣòfin méjèèjì ló máa fọwọ́ sí i, ará ìlú kò ní dìbò.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n yìí, ẹ rí i dájú pé ẹni tí a ń wọ̀n kò ní lọ. Ní 2022, June 17 ni INEC dáwọ́ gbígba orúkọ olùdíje ààrẹ dúró. Kí ọjọ́ má baà kọjá lórí wọn, APC fi orúkọ Kabir Masari di àyè igbákejì mú, Labour fi ti Doyin Okupe. July 15 ni gbèdéke ìpààrọ̀. Baba-Ahmed dé ní July 8, Shettima ní July 10. Àwọn tó ti fi oṣù kan jiyàn lórí Masari, Masari kọ́ ni wọ́n bá dé ibi ìbò.